Wọ́n Wá Tọrọ Àkànní ní Kétu

Láti inú ihò ara ògiri ni Àkànní ti kọ́kọ́ rí Démiládé. Orí àkàbà ló wà lóde ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Mende lọ́jọ́ náà, tó fa ẹ̀rọ amúlétutù àtijọ́ kan yọ kúrò lára ògiri bí ìgbà tí èèyàn ń yọ eyín, tó sì gbé e lé èjìká. Bó ṣe ní kí òun yọjú wo ihò tó ṣẹ́ kù, ojú funfun kan ló ń wò ó láti inú yàrá. Ọmọbìnrin kan ló jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tó fi amọ̀ kun ojú àti ọrùn nítorí ẹwà, tí dùndú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí òmíràn sì wà lẹ́nu.

Àkànní di àkàbà mú. Òun tó ti ń gun òrùlé káàkiri Kétu láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, díẹ̀ ló kù kó bá ẹ̀rọ já bọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọmọbìnrin náà kò tilẹ̀ mira. Ó rọra jẹ dùndú ẹnu rẹ̀ tán, ó gbé e mì, kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ṣé ẹ máa dí ihò yìí ni, àbí ibẹ̀ ni kí àlejò máa gbà wọlé?"

"Yíyọ ni wọ́n bá mi sọ, Aunty, wọn ò bá mi sọ dídí," ni Àkànní fèsì. "Ṣùgbọ́n tí dùndú kan bá lè gba ibẹ̀ jáde, ó ṣeé ṣe kí n rí pákó mú wá lọ́la."

Dùndú gba ibẹ̀ jáde. Àwọn tó ń sọ pé ẹnu ọ̀nà ni ìfẹ́ máa ń gbà wọlé bí ọmọlúàbí kò tíì rí ohun tó ṣe lára ògiri Ọ̀gbẹ́ni Richard Oyèbámijí.

Ìdílé Oyèbámijí ń kó lọ sí Kánádà ni. Mummy Fọlá, ìyá ilé, ni ilé ìwòsàn kan lọ́hùn-ún gbà síṣẹ́, iṣẹ́ náà ló sì gbé ìwé ìgbélùú òun àti ọkọ rẹ̀ jáde. Wọ́n ti ta ilé, ìparí oṣù kẹjọ ni wọ́n máa wọ bàálù, gbogbo ohun tó wà nínú ilé ló sì ti ní ìwé iye owó lára. Ọjọ́ ìsinmi kan tiẹ̀ wà tí Daddy Richard lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó sì padà dé kó tó mọ̀ pé ẹnì kan ti lẹ "ẹgbẹ̀rún márùn-ún, kò sí ẹ̀dínwó" mọ́ òun lẹ́yìn. Démiládé, àkọ́bí wọn, ló ṣe é.

Ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́fà ni wọ́n ní kí Àkànní wá yọ, kó sì bá wọn tà. Iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ṣe é. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbàgbé sípánà. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó padà wá wá tẹ́sítà tó wà lápò ara rẹ̀. Lọ́jọ́ keje, ó ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ń gba ara pákó tí òun fi dí ihò wọlé, nínú oṣù kejì ọdún tí ojú ọ̀run gbẹ táútáú. Mummy Fọlá ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé òun ò tíì rí oníṣẹ́ ọwọ́ tó fara balẹ̀ báyìí rí.

Démiládé ní tirẹ̀ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó ń tọ́jú àwọn tí ẹ̀yìn àti orúnkún ń dùn ní ilé ìwòsàn kan ní Ifákọ̀, ojú rẹ̀ sì ti mọ́ àwọn tó ń sọ pé ibì kan ń dun àwọn nígbà tó jẹ́ ibòmíràn ni. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó dúró dè é ní gééètì.

"Uncle AC, AC ti tán nínú ilé wa," ó ní. "Tí ẹ bá tún ń bọ̀ lọ́la, ẹ má wulẹ̀ gbàgbé nǹkan kan. Ẹ kàn wá mú mi lọ jẹ ẹja yíyan."

Àkànní ní òun gbọ́. Ó dé Kétu tán kó tó rí i pé òun ti gbàgbé àkàbà sí Mende, lótìítọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tó bá ti di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Àkànní á ti ṣọ́ọ̀bù, á fi búrọ́ọ̀ṣì fọ èékánná rẹ̀ títí yóò fi pọ́n, á wọ kẹ̀kẹ́ lọ dúró dè é níwájú ilé ìwòsàn. Wọ́n á jọ rìn, wọ́n á jọ jẹun, wọ́n á jọ máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Démiládé ní etí Àkànní ló kọ́kọ́ wu òun, nítorí bó ṣe máa ń tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti gbọ́ ohùn ẹ̀rọ tó ń ṣàìsàn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ èèyàn, kì í já lu ẹni. Àkànní ní tirẹ̀, ẹ̀rín ọmọbìnrin náà ni. Démiládé kì í lè dúró kí àwàdà parí kó tó bú sẹ́rìn-ín. Àkànní ti pé ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó ti fẹ́ràn èèyàn rí, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó mú kó máa wo aago bí ọmọ iléèwé.

Nígbà tó fi di oṣù karùn-ún, àwọn méjèèjì ti mọ̀ pé àwọn ò lè fi ara wọn sílẹ̀. Oṣù kẹjọ sì ń bọ̀.

Ọ̀sán Sátidé kan, Démiládé mú ìwé kan wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Kétu. Ó ti jókòó ka gbogbo ohun tí ìjọba Kánádà kọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì nípa ẹni tó fẹ́ mú ọkọ tàbí aya tó jẹ́ ọmọ ìlú mìíràn wá bá òun. Kánádà ni wọ́n bí òun fúnra rẹ̀ sí nígbà tí ìyá rẹ̀ ń kàwé níbẹ̀, nítorí náà ọmọ onílùú ni, kò nílò físà ẹnikẹ́ni. Àkànní ni àjèjì.

Ó ní ọ̀nà mẹ́ta lòun rí. Èkíní, kí Àkànní gba ìwé akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Owó iléèwé ọdún kan lọ́hùn-ún á gbé ṣọ́ọ̀bù lọ, á gbé irinṣẹ́ lọ, á tún padà wá wá Àkànní fúnra rẹ̀. Èkejì, kí òun bá àwọn òbí òun lọ lóṣù kẹjọ, kí òun padà wá ṣègbéyàwó nígbà tí àyè bá yọ, kí wọ́n tó wá bẹ̀rẹ̀ ìwé. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ṣègbéyàwó báyìí, kí wọ́n dé kóòtù, kí òun sì kọ̀wé sí ìjọba pé ọkọ òun rèé.

Godwin tó ń ta páìpù kọ́pà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́, tí kò tíì kọjá Kútọnu rí láyé rẹ̀, dá sí i pé ọ̀nà kẹrin wà.

"My sister, make you just talk say na your brother. Oyinbo no sabi our face."

"Uncle Godwin, tí mo bá wá bímọ fún brother mi lọ́hùn-ún, kí la máa sọ fún wọn?"

Godwin rántí pé òun ní páìpù tí òun fẹ́ wọ̀n.

Ọ̀nà kẹta ló dára lójú àwọn méjèèjì. Ìgbà tí Démiládé ka ìyókù ìwé náà ni ara Àkànní ò gbà á mọ́. Ó ní òun máa fọwọ́ sí i pé fún ọdún mẹ́ta, òun lòun máa gbọ́ bùkátà ọkọ òun, pé oúnjẹ rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti ibi tó ń sùn ò ní di ẹrù ìjọba.

"Aṣọ mi náà?" ni Àkànní béèrè.

"Títí kan singlet."

Àkànní rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ikùn. Ọkùnrin tó ń fi èjìká kan gbé ẹ̀rọ tí ẹni méjì ń pín gbé, ẹnì kan fẹ́ kọ̀wé sí ìjọba pé òun lòun ń bọ́ ọ. Ó ní nínú ìwé yẹn, òun ni ìyàwó.

"Nínú ìwé nìkan ni, Àkànní mi," ni Démiládé wí. "Nínú ilé, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló máa gbé ìrẹsì kaná."

Kò lè máa bá a jà lórí ìrẹsì. Ó gbà. Ó ku kí wọ́n sọ fún àwọn òbí.

Ní Mende, Mummy Fọlá fi ọwọ́ lérán. Kò ní ohunkóhun lòdì sí iṣẹ́ ọwọ́, ó ní ọmọ dáadáa ni Àkànní, ṣùgbọ́n ìwé ló ń wá. Ó ti gbọ́ oríṣiríṣi: ẹni tó fẹ́ obìnrin nítorí físà, tí wọ́n bá gúnlẹ̀ tán, tó ní òun fẹ́ lọ ra omi, tí omi náà ò sì tíì dé di òní. Ọjọ́ mẹ́sàn-án tó ti yìn tẹ́lẹ̀, ó wá ń ka wọ́n lórí ìka bí ẹ̀sùn. Daddy Richard, ẹnjiníà tó ti kọ́ afárá mọ́kànlá láìjẹ́ kí ọ̀kan wó, ní ibi tí wọ́n bá parí ọ̀rọ̀ sí ni kí wọ́n ti pe òun.

Ti Kétu ló le jù. Awakọ̀ tí ń kó iṣu láti Ṣakí wá sí Mile 12 ni bàbá Àkànní fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Ṣùkúrù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ òun fúnra rẹ̀ ni Ṣùkúrù. Mùsùlùmí ni, oníṣọ́ọ̀ṣì sì ni ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kọ́ ló bí i nínú. Ó jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Àbẹ̀kẹ́, ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi Àkànní. Ilé ta ni wọ́n máa gbé? Ilé tí Démiládé bá gbà. Ta ló máa fọwọ́ sí ìwé? Démiládé. Ta ló máa bọ́ ta? Àkànní wo ilẹ̀.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Ní agbo ilé wa ní Ṣakí, a kì í gbé ọkùnrin fún ìyàwó. Tó bá jẹ́ pé àwọn ni wọ́n fẹ́ fẹ́ ọ, kí wọ́n wá tọrọ ẹ. Kí wọ́n gbé iṣu, kí wọ́n gbé oyin, kí wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ nínú pálọ̀ yìí. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò gbà."

Ó sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ pé ó di ọjọ́ tí adìyẹ bá hu eyín. Ó mú kẹ́tùlù, ó lọ ṣe àlùwàlá.

Àkànní kò lè gbéyàwó lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń bẹ̀rù rẹ̀. Bàbá náà ló tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sì lè lọ láìgba àdúrà rẹ̀. Ó lọ bá Démiládé ní Ifákọ̀, ó ròyìn ọ̀rọ̀ Bàbá fún un, ó ní kó máa bá àwọn òbí rẹ̀ lọ, pé òun á gba ọ̀nà akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀lé e.

Démiládé béèrè ohun tó fẹ́ kọ́. Ó ní iṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù.

"Ní Kánádà? Níbi tí yìnyín ti ń bọ́ lójú ọ̀run, ẹ fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú ilé tutù?" Kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ Bàbá nìkan kọ́ nìyí. Ojú ń tì yín pé èmi ni mo máa fọwọ́ sí i."

Àkànní fẹ́ jiyàn. Ṣùgbọ́n kò mọ irọ́ pa fún un.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Ojú ń tì mí."

Omi lé ròrò sí ọmọbìnrin náà lójú, ó sì wọ inú ilé ìwòsàn padà lọ.

Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni wọn ò fi pe ara wọn. Ọkàn Àkànní gbọgbẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ náà sì gbọgbẹ́. Ó lọ de ẹ̀rọ kan mọ́ ògiri oníbàárà ní Ìkòsì, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sínú ilé. Títì tutù dáadáa lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń kọjá ń yà dúró láti gba atẹ́gùn, ooru sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa onílé nínú pálọ̀ ara rẹ̀. Àwọn èèyàn ṣì máa ń fi bú u títí dòní.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Mende lákòókò yẹn, ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni Àkànní tó gbọ́ ọ. Mummy Fọlá bá ọmọ rẹ̀ níbi tó ti ń sunkún sórí páálí ẹrù. Ó rò pé ọkùnrin náà ti já a jù sílẹ̀, ó sì ti ń múra àtisọ pé ṣé òun ò wí. Démiládé ṣàlàyé pé bàbá rẹ̀ ni kò gbà kó lọ.

Mummy Fọlá ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó ní kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

"Bàbá kan wà ní Kétu tí wọ́n fi Kánádà lọ̀ ọ́, tó ní òun ò fẹ́?"

"Ó ní ẹ̀yin ni kí ẹ wá tọrọ ọmọ òun, kí ẹ gbé iṣu wá, kí ẹ wá dọ̀bálẹ̀. Ó ń bínú ni, Mummy."

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti dìde. Ìfura tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìgbà tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ti fò lọ bí ẹyẹ. Ilé tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn ò fẹ́ ìwé Kánádà, ilé yẹn ò lè máa wá ìwé. Irú ilé bẹ́ẹ̀ lòun sì ń wá fún ọmọ òun. Ó pariwo pe ọkọ rẹ̀ pé wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ o, ibi tí wọ́n parí rẹ̀ sí ni pé ó máa dọ̀bálẹ̀. Daddy Richard béèrè iye iṣu, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ kejì ló ti ń fi kápẹ́ẹ̀tì ṣe ìdánrawò, tí Démiládé sì ń bá a fa orúnkún.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé Kétu. Wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù pupa dì í, bí wọ́n ṣe ń di lẹ́tà ìtọrọ ìyàwó gan-an. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ní kí Àkànní tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé kà á sókè. Ó kà á. Ìdílé Oyèbámijí kí ìdílé Bàbá Ṣùkúrù, wọ́n ní àwọn ti rí òdòdó kan tó rẹwà nínú ọgbà wọn, àwọn sì wá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí àwọn já a.

"Òdòdó?" ni Bàbá wí. Ó wo ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Òróró dúdú wà níwájú orí òdòdó náà, bẹ́líìtì rẹ̀ sì ti já.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. Bàbá gbìyànjú láti sọ pé òun ò ní i lọ́kàn bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn pé ẹyin lọ̀rọ̀, ojú òun báyìí ló sì ṣe fọ́. Ó ní láti àádọ́rin ọdún tí òun ti dáyé, ọmọbìnrin nìkan lòun ti ń bá wọn fi fọ́kọ. Òun ò ní jẹ́ kí ti ọkùnrin yìí kọjá òun.

Wọ́n dé lọ́jọ́ Sátidé, agogo mọ́kànlá òwúrọ̀: Daddy, Mummy, Démiládé, àti Aunty Kẹ́misọ́lá, àbúrò Mummy Fọlá, tó wá ṣe agbẹnusọ. Wọ́n gbé ogójì iṣu ó lé méjì, oyin, obì àti agbọ̀n èso kan. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè ohun tí wọ́n ń wá. Kẹ́misọ́lá ní òdòdó ni. Ìyá ní òun ò mọ òdòdó kan nínú ilé yìí, àfi kọ̀m̀pírẹ́sọ̀.

Àkànní ò lè dá sí i. Inú yàrá ni Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ní kó jókòó sí, ó fi aṣọ òfì bò ó lórí dé àyà bí ìyàwó ojú ọ̀nà, ó ní tó bá ṣí i, òun máa fà á létí. Ooru mú un. Nígbà tí wọ́n fà á jáde sí pálọ̀, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn nìkan ló ń rí lábẹ́ aṣọ. Ó rí sálúbàtà bàbá rẹ̀. Ó rí bàtà Démiládé. Ó wá rí sọ́kìsì Daddy Richard tó ń lọ sílẹ̀, orúnkún méjèèjì dún, bàbá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta na gbọọrọ sórí kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà.

Bàbá Ṣùkúrù fò dìde.

"Ẹ dìde, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Inú ló bí mi."

"Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sinmi díẹ̀, sà," ni Daddy Richard fèsì láti ilẹ̀. "Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín. Èmi náà, ìwé ìyàwó mi ni mo fi ń lọ Kánádà. Òun ni wọ́n gbà síṣẹ́. Ọkọ ẹ̀ ni wọ́n kọ mí sí, wọn ò kọ nǹkan míì. Mo ti gbọ́ bùkátà rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, tó bá kan òun báyìí, ṣé kí n wá máa bínú?"

Àwọn bàbá méjèèjì di ara wọn mú kí ọ̀kan tó lè dìde. Bàbá Ṣùkúrù gbé e jókòó sórí àga ti ara rẹ̀. Ó ní kí Ìyá Àbẹ̀kẹ́ àti Kẹ́misọ́lá sinmi eré ná, òun fẹ́ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀.

Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣu, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé. Ọmọ kan ṣoṣo lòun bí. Àwọn àgbà ní ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Òun rí àwọn ọ̀rẹ́ òun ní Mile 12 tí ọmọ wọn lọ, inú fóònù nìkan ni wọ́n ti ń rí wọn mọ́. Ó ń bẹ òun lọ́kàn pé ibi tí ẹnì kan bá ti ń bọ́ ọmọ òun, ọmọ náà ò ní lè sọ níbẹ̀ pé òun fẹ́ lọ wo bàbá òun. Àkànní kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu rẹ̀ rí, ó sì ń sunkún lábẹ́ aṣọ òfì.

Bàtà Démiládé rìn wá síwájú. Ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, mi ò ní bá àwọn Mummy lọ lóṣù kẹjọ," ó ní.

Mummy Fọlá, tí ẹnikẹ́ni ò sọ èyí fún, di ọwọ́ àga mú. Démiládé kò wẹ̀yìn. Ó ní òun ti béèrè: ọmọ Kánádà tó ń gbé òkèèrè lè kọ̀wé fún ọkọ rẹ̀ láti ibẹ̀, kó ṣáà ti fi hàn pé àwọn máa lọ gbé lọ́hùn-ún tí ìwé bá jáde. Tó bá gba ọdún kan, tó bá gba méjì, Kétu lòun àti Àkànní ti máa dúró, wọ́n á sì jọ wọ bàálù lọ́jọ́ kan náà. Lọ́jọ́ tí Àkànní bá ní òun fẹ́ wá wo bàbá òun, òun Démiládé lòun máa kọ́kọ́ gbé báàgì.

"Ìjọba Kánádà ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé màá tọ́jú ẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Iye tí wọ́n ní kí n kọ nìyẹn. Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Ọdún mélòó lẹ fẹ́ kí n kọ?"

Gbogbo pálọ̀ ń wo Bàbá.

"Tèmi, má kọ iye kan sí i," ó wí. "Fi ojú ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ti nu ojú tán, ó ní àṣà ò gbọ́dọ̀ bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n máa ń bi ìyàwó bóyá kí wọ́n gba ẹrù àwọn àna tàbí kí wọ́n má gbà á, ó sì yẹ kí ìyàwó tijú díẹ̀ kó tó dáhùn. Ó béèrè pé, "Àkànní, ṣé ká gba..."

"Ẹ gbà á, Ìyá." Àkànní ti ṣí aṣọ kúrò lórí, ojú rẹ̀ rin gbingbin fún òógùn àti omijé. Ó wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Démiládé. Ó sọ fún un pé kó mú bírò rẹ̀, kó fọwọ́ sí i níbi gbogbo tí wọ́n bá ní kó fọwọ́ sí. Ojú ò ti òun mọ́.

"Títí kan singlet?" ni Démiládé béèrè.

"Títí kan singlet, adé orí mi."

Ó kù kí bàbá ìyàwó fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Bàbá Ṣùkúrù dìde, ó mú ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ọwọ́ tó le bí pákó nítorí iṣẹ́, ó gbé e lé ọwọ́ Démiládé. Ó gbàdúrà ní kúkúrú. Gbogbo wọn ṣe àmín, àwọn kan ti ń dìde, ṣùgbọ́n kò tíì fi ọwọ́ wọn sílẹ̀.

"Àyà rẹ̀ ò gba òtútù láti kékeré," ó ní. "Kò ní sọ fún ẹ. Á máa ṣe bí ọkùnrin. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, bá mi wọ aṣọ fún un."

"Màá wọ̀ ọ́ fún un, Bàbá," ni Démiládé dáhùn.

Bàbá Ṣùkúrù mi orí. Ó yí ẹ̀yìn sí gbogbo wọn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí iṣu, ó ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá èyí tó jẹrà, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú pálọ̀ tó dí i lọ́wọ́.